Nígbà Tí Orúkọ Kọ́lọ́ọ̀mù Bá Forí Gbárí Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ SQL

Ká sọ pé ẹnì kan ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn ibà. Ó ti fi oṣù mẹ́fà kọ ìsọfúnni nípa àwọn aláìsàn sínú Excel, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin péré ló sì lò. `case` ni nọ́ńbà aláìsàn, `group` ni oògùn tí wọ́n fún un, `order` ni ipò tó wà nínú bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn dé, `user` sì ni nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sílẹ̀. Excel ò bínú sí ìkankan nínú àwọn orúkọ yìí. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ kúrò ní Excel lọ sínú database gidi, bíi PostgreSQL, ọjọ́ yẹn ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí PostgreSQL ti gbà fún iṣẹ́ ara ẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la máa pè ní ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí kọ̀ǹpútà fi àṣìṣe hàn wọ́n, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó bá pariwo ò le rárá. Èyí tó dákẹ́, tó gbé ìdáhùn irọ́ fún yín, tẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí yín, òun ló yẹ ká bẹ̀rù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan fi máa ń ní olówó?

SQL ni èdè tá a fi ń bá database sọ̀rọ̀. Ní 1970, Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM gbé àbá kan jáde pé ká máa to dátà sínú àtẹ. Nígbà tó di 1974, àwọn méjì míì ní IBM kan náà, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, kọ̀wé nípa èdè kan tí wọ́n pè ní SEQUEL. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ database. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo èèyàn ń sọ lójoojúmọ́: SELECT, FROM, WHERE, GROUP, ORDER.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ SEQUEL yẹn gan-an ti ní olówó. Ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dáàbò bò ó, ni wọ́n bá gé tiwọn kúrú sí SQL. Èdè tó ń bá wa jà lórí orúkọ lónìí, orúkọ lòun náà kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. SQL di ìlànà àjọlò ní Amẹ́ríkà ní 1986, ó sì di ti gbogbo ayé ní 1987.

Àǹfààní tí wọ́n fẹ́ fún wa yẹn ló wá di ìṣòro. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti fi pàṣẹ ni ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti fi sọ kọ́lọ́ọ̀mù. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

SELECT order FROM idanwo;

Database ń ka gbólóhùn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì sọ́tùn-ún. Bó ṣe dé `order`, ó ní “Háà, wọ́n fẹ́ kí n to nǹkan ní ìtòtẹ̀léra,” ó sì ń retí `BY`. Kò mọ̀ pé orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù lẹ ní lọ́kàn. Kí irú èyí má bàa dà á láàmú, àwọn tó kọ́ ọ ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wọ́n sọ nǹkan míì ní gbangba.

Kì í ṣe gbogbo èdè kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. PL/I, tí IBM ṣe ní àwọn ọdún 1960, ò ní ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ kankan. Ẹ lè fi IF sọ nǹkan, kẹ́ ẹ fi THEN sọ òmíràn, kẹ́ ẹ wá kọ `IF IF = THEN THEN THEN = ELSE;`. Kọ̀ǹpútà á lóye ẹ̀. Èèyàn tó bá fẹ́ kà á ni orí máa fọ́.

Ẹni tó bá mọ àṣà ìyàwó ilé á tètè rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìyàwó tuntun kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti bí kó tó dé. Á wá orúkọ míì tó dùn ún pè fún wọn: Ìdílẹ̀kẹ̀, Adúmáadán, Akọ̀wé, Baba Kékeré. Ọ̀rọ̀ SQL ni ọmọ tí wọ́n ti bí sílé. Dátà yín ni ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Èyí tó pariwo

Ẹ jẹ́ ká dá àtẹ ìwádìí ibà yẹn sílẹ̀ nínú PostgreSQL, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa kọ ọ́:

CREATE TABLE idanwo (
  id integer,
  group text
);

Ohun tó máa sọ ni: `ERROR: syntax error at or near "group"`. Tó bá jẹ́ MySQL ni, àṣìṣe nọ́ńbà 1064 ló máa jù sí yín, á sì ní kẹ́ ẹ lọ ka ìwé ìlànà òun. Kò sóhun tó wọlé, kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹ rí ibi tí ìṣòro wà, ẹ tún un ṣe, ó parí. Irú àṣìṣe yìí, ọ̀rẹ́ ni.

Èyí tó dákẹ́

Àmọ́ ta ló ń fọwọ́ kọ CREATE TABLE lóde òní? Ọ̀pọ̀ lára wa, pandas la fi ń kó dátà lọ. A máa ka fáìlì CSV, a máa pe `to_sql`, ó tán. SQLAlchemy tí pandas ń lò lábẹ́lẹ̀ mọ àwọn ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀. Tó bá rí `user`, á fi àmì àyọlò sí i níwá sẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, `"user"`, gbogbo dátà á sì wọlé wẹ́rẹ́. Inú yín á dùn. Ẹ wá ṣí PostgreSQL fúnra yín, ẹ kọ ìbéèrè yìí:

SELECT user, id FROM idanwo;

Kò ní sí àṣìṣe, kò ní sí ìkìlọ̀. Àmọ́ dípò orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì, orúkọ kan ṣoṣo lẹ máa rí ní gbogbo ìlà, bóyá `postgres`. Ìdí ni pé nínú PostgreSQL, `user` láìsí àmì àyọlò túmọ̀ sí “ẹni tó wọlé báyìí”. Ẹ bi í pé “ta lẹni yìí?”, ó sì dáhùn pé “ìwọ ni.” Ó dáhùn ìbéèrè tẹ́ ẹ bi í gan-an, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ìyẹn ṣì kéré. Ká ní orúkọ tí olùwádìí náà fi ń wọlé ni `abiola`. Ó ti tẹ ìlà mẹ́wàá sínú àtẹ láti fi dán an wò, pẹ̀lú orúkọ ara ẹ̀ nínú kọ́lọ́ọ̀mù `user`. Ó wá fẹ́ yọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kúrò:

DELETE FROM idanwo WHERE user = 'abiola';

PostgreSQL á bi ara ẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan pé: ṣé abiola lẹni tó wọlé báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kejì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa lọ títí gbogbo àtẹ á fi ṣófo. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ nítorí àmì àyọlò méjì tí kò sí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé gbólóhùn kan náà lọ sínú MySQL, ìlà mẹ́wàá yẹn nìkan ló máa lọ, torí pé `user` kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa lo MySQL, tó wá kó lọ sí PostgreSQL, kò ní fura rárá.

MySQL náà ní ìkòkò tiẹ̀. Ìlànà àjọlò SQL ní kí àmì àyọlò onílà méjì wà fún orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, kí onílà kan wà fún ọ̀rọ̀ lásán. PostgreSQL ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ MySQL, bí wọ́n ṣe ń gbé e fún yín láìtíì yí ètò ẹ̀ padà, ka oríṣi méjèèjì sí ọ̀rọ̀ lásán. Torí náà, ìbéèrè yìí:

SELECT * FROM idanwo WHERE "group" = 'B';

ń bi MySQL bóyá ọ̀rọ̀ náà “group” bá “B” dọ́gba. Kò dọ́gba láé. Ìlà kankan ò ní jáde. Tẹ́nì kan bá gba èsì yẹn bẹ́ẹ̀, á kọ̀wé pé kò sí aláìsàn kankan tó gba oògùn B, bẹ́ẹ̀ wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá kọ `ORDER BY "order"`, MySQL ò ní to nǹkan kan, torí gbogbo ìlà ló ní ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀. Èsì á kàn jáde bó ṣe wù ú.

SQLite, database kékeré tó wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, tún fi tiẹ̀ kún un. Òun mọ̀ pé àmì onílà méjì wà fún orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù. Àmọ́ tí kò bá rí kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, kò ní sọ pé òun ò rí i, á kàn kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ ṣì í tẹ̀, ẹ kọ `"grup"` dípò `"group"`, ọ̀rọ̀ náà “grup” láá máa jáde ní gbogbo ìlà. Àwọn tó ṣe SQLite ṣàlàyé pé torí kó lè bá MySQL 3.x ayé ìgbà yẹn mu ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀dà 3.29.0, tó jáde ní 2019, èèyàn ti lè pa ìwà yẹn.

Àtòjọ tí kì í dúró sójú kan

Ẹnì kan lè ní, “Ó dáa, ẹ fún mi ní àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ náà, kí n há a sórí.” Kò lè ṣeé ṣe. Àtòjọ database kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. `date` jẹ́ ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ nínú Oracle, àmọ́ MySQL gbà kẹ́ ẹ fi sọ kọ́lọ́ọ̀mù torí pé àwọn èèyàn ti ń lò ó tipẹ́.

Àtòjọ náà tún máa ń gùn sí i. Ní oṣù April 2018, MySQL 8.0 jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun tó lè fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ipò, ẹni kìíní, ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí iṣẹ́ yẹn lè ṣeé ṣe, wọ́n ní láti ya `RANK` sọ́tọ̀, pẹ̀lú `GROUPS`, `SYSTEM` àtàwọn míì. Ẹ ronú nípa ilé ìwé tó ń fi kọ́lọ́ọ̀mù `rank` tọ́jú ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì. Ní ẹ̀dà 5.7, kò sí wàhálà. Wọ́n gbé ẹ̀dà 8.0 wọlé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù wọn, síbẹ̀ ìbéèrè tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àṣìṣe jáde. Ọmọ tuntun dé sínú ilé, ó sì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n ti ń pe ẹlòmíì.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kẹ́ ẹ bi database fúnra ẹ̀. Nínú PostgreSQL, ẹ kọ `SELECT * FROM pg_get_keywords();`. Àwọn tó bá ní `R` lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àyàsọ́tọ̀ pátápátá. MySQL 8.0 náà ní àtẹ kan tó ń jẹ́ `INFORMATION_SCHEMA.KEYWORDS`. Ẹ lè kọ kóòdù kékeré kan tó máa fi orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù yín wé àtòjọ yìí kí dátà tó gbéra.

Ká fi àmì sí i ni, àbí ká yí orúkọ padà?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi àmì yí orúkọ náà ká. PostgreSQL, Oracle àti SQLite ń lo àmì àyọlò onílà méjì: `"group"`. MySQL ń lo àmì kékeré tó dagun, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 1 lórí kíbọ́ọ̀dù. SQL Server ń lo àkámọ́ onígun: `[group]`. Tẹ́ ẹ bá ń kọ kóòdù tó ń kó dátà lọ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fọwọ́ ara yín lẹ àmì yìí mọ́ orúkọ. Orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tó wá látinú fáìlì ẹlòmíì lè ní àmì àyọlò nínú, ó sì lè fìyẹn yí àṣẹ yín padà. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ ṣe é. R ní `dbQuoteIdentifier` fún iṣẹ́ yìí, SQLAlchemy náà sì ní tiẹ̀. Àmì ìbéèrè tá a máa ń fi dípò iye nínú SQL ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí pé iye nìkan ló wà fún. Kò ṣeé fi dípò orúkọ.

Ìṣòro tó wà nínú fífi àmì sí i ni pé ẹ ti dá gbèsè sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó máa lo àtẹ náà lẹ́yìn yín. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa rántí àmì yẹn títí láé, ẹ sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá gbàgbé. Lẹ́tà ńlá àti kékeré tún wà ńbẹ̀. Orúkọ tí kò ní àmì, PostgreSQL á sọ gbogbo ẹ̀ di lẹ́tà kékeré, Oracle á sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Àmọ́ orúkọ tó bá ní àmì, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ló máa wà. Tí `"Group"` bá ti wọlé pẹ̀lú G ńlá, `"group"` ò ní rí i.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ yí orúkọ padà lẹ́nu ọ̀nà, kí dátà tó wọlé. Èyí ni mo fara mọ́, òun náà sì ni ìyàwó ilé ń ṣe. Ìwé ìlànà PostgreSQL sọ ohun kan tó wúlò gan-an: ìlànà àjọlò SQL kò ní ya ọ̀rọ̀ kankan sọ́tọ̀ tó bá ní nọ́ńbà nínú, tàbí tó bá fi àmì `_` bẹ̀rẹ̀ tàbí parí. Torí náà `group_` ò lè bá ìlànà yẹn forí gbárí lónìí, kò sì lè bá a forí gbárí lọ́la. Èyí tó tún dáa jù ni orúkọ tó sọ ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù ní tòótọ́. `group` ò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà ìwádìí.

Ẹ má kàn yí i padà kẹ́ ẹ wá gbàgbé o. Ẹ kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀ síbì kan, kó máa bá dátà náà rìn. Tó bá jẹ́ pé àtẹ náà ti wà tipẹ́, tí àwọn kóòdù míì sì gbára lé orúkọ ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ dá VIEW kan sórí ẹ̀ tó ní orúkọ tuntun. Inú VIEW yẹn ni kí àwọn tó ń béèrè nǹkan ti máa béèrè.

Tá a bá fi Yorùbá sọ ọ́ ńkọ́?

Àǹfààní kan rèé tí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì ni SQL fi ń pàṣẹ, torí náà orúkọ Yorùbá kì í sábà bá a jà. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a fi bẹ̀rẹ̀ lè di `nomba_alaisan`, `eka_oogun`, `ipo_dide` àti `noosi`. Kò sí èyí tó ní olówó nínú wọn.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi àmì ohùn sí wọn. Mo fẹ́ràn àmì ohùn gan-an, àmọ́ ibi tí wọ́n ti máa ń dani láàmú nìyí. “Ọjọ́” jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, báìtì 9 ni nínú UTF-8. PostgreSQL ò gba orúkọ tó ju báìtì 63 lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á gé e, á sì kàn fi ìkéde kékeré kan sọ fún yín. Ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ló tún wà láti tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kíbọ́ọ̀dù kan á lo ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, òmíràn á kọ́kọ́ tẹ o, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú database, kọ́lọ́ọ̀mù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù wà láìní àmì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kejì mú ìtumọ̀ ẹ̀ dájú. `ojo` nìkan lè jẹ́ ọjọ́, ó lè jẹ́ òjò, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ojo tí ń bẹ̀rù. `ojo_abewo` ò ṣeé ṣì. Yorùbá alámì kíkún, ẹ fi sínú àlàyé kọ́lọ́ọ̀mù náà. PostgreSQL ní `COMMENT ON COLUMN` fún un, kò sì sí ẹni tó máa gé e kúrú níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé dátà ti dé

Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá kó dátà wọ database, ẹ má tíì ti Excel pa. Ẹ ka iye ìlà tó wà nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ka iye nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ní ibi méjèèjì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kẹ́ ẹ sì tó kọ DELETE èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ fi SELECT wo àwọn ìlà tó fẹ́ kó lọ.

Tí kọ́lọ́ọ̀mù tó yẹ kó ní orúkọ nọ́ọ̀sì márùn-ún bá ń fi orúkọ kan ṣoṣo hàn yín, tó sì tún jẹ́ orúkọ tẹ́ ẹ fi wọlé láàárọ̀ yẹn ni, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù ná, kẹ́ ẹ lọ wá àmì àyọlò yín.